Igi tó Tẹ̀ sí Fèrèsé

Ṣẹ́kí. Ṣẹ́kí. Ṣẹ́kí-ṣẹ́kí.

Bí àlùmọ́gàjí ńlá ẹ̀gbọ́n Aláago ṣe máa ń dún nìyẹn láti òdìkejì ògiri, láàárọ̀ kùtùkùtù, kí oòrùn tó gbórí sókè. Ó ti pẹ́. Aláago ti di arúgbó nílùú tí kò sẹ́ni tó mọ bàbá tó bí i. Inú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló ń gbé, lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin, kò sì sí ewéko kankan níwájú rẹ̀ àfi èyí tí ọmọ náà gbìn sínú ike. Síbẹ̀, tó bá ti ń jí bọ̀, tí oorun ò tíì tú u sílẹ̀ tán, á gbọ́ ọ: ṣẹ́kí, ṣẹ́kí, bí ẹni ń gé irun orí igi. Àyà rẹ̀ á sì já. Títí di bí a ti ń wí yìí, kò mọ̀ bóyá ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ ló wà lẹ́yìn ògiri ọjọ́ náà ni, tàbí ọ̀tá.

Aago ló ń tún ṣe, ìyẹn ni wọ́n fi ń pè é ní Aláago. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní tirẹ̀, òdòdó àti igi àgbàlá ló ń gbìn sínú ọ̀rá dúdú, tó ń tà fún àwọn onílé, tó sì ń bá wọn gbìn ín. Olódòdó ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Bàbá kan ló bí àwọn méjèèjì, ìyá ló yà wọ́n. Nígbà tí bàbá wọn ń pín ilẹ̀, èyí tó kọjú sí títì, tó dára jù, àbúrò ló fún. Ẹ̀gbọ́n ò sọ nǹkan kan. Ó gba èyí tó wà lẹ́yìn, ó dúpẹ́, ó lọ. Ìdákẹ́ yẹn kò dà nínú Aláago rí. Ẹni tí kò bá bínú lọ́jọ́ tí wọ́n pín ilẹ̀, ọjọ́ wo ló fi ìbínú tirẹ̀ sí?

*

Nígbà tí ilé Aláago parí, ìyàwó rẹ̀ dúró lójú ọ̀nà, ó wò ó látòkèdélẹ̀.

"Ilé wa dára o," ló wí. "Àmọ́ ó rí bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Ẹ jẹ́ ká wá nǹkan gbìn síwájú ẹ̀."

Ta ni wọn ì bá tún pè bí kò ṣe Olódòdó? Ó dé tòun ti irun orí rẹ̀ tó ti funfun, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì káàkì tó máa ń wọ̀ ṣiṣẹ́, èyí tí kọ́là rẹ̀ ti gbó.

"Ìyàwó wa, irú igi wo lo fẹ́?"

"Èyí tó bá ṣáà ti rẹwà, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ fún mi ní igi òdòdó pupa yẹn."

Olódòdó rẹ́rìn-ín. "Bí gbogbo yín ṣe ń wí nìyẹn. Eléyìí tó ń ṣojú bí ọmọ jòjòló lónìí, tó bá dàgbà, orí ẹ̀ á kọjá òrùlé yín, gbòǹgbò ẹ̀ á máa wá ìpìlẹ̀ ilé kiri. Igi kì í ṣe aṣọ o, ìyàwó wa, tó bá fún ọ lọ́rùn, o ò lè bọ́ ọ. Kó o tó béèrè bó ṣe rẹwà sí, béèrè ibi tó máa dàgbà dé."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe yan ìyàwó tiyín?"

"Ká ní mo ṣe bẹ́ẹ̀ ni, ǹ bá ti kọ́ ilé tó tóbi ju èyí tí à ń gbé lọ!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà ó rìn yí ilé ká, ó fi ọwọ́ bo ojú fún oòrùn. Lábẹ́ fèrèsé pálọ̀, ó ní igi kúkúrú ló yẹ, èyí tí kò ní ga débi tí olè á fi rí ibi sá pamọ́ sí. Lẹ́nu géètì, òdòdó tó ń tanná láìdáwọ́ dúró, tí ewé rẹ̀ kì í dí ojú àgbàrá. Ó ní òun kì í gbin ẹlẹ́gùn-ún sílé ẹni. "Màmá Elégbòogi tó wà lẹ́yìn ilé oníkẹ̀kẹ́ yẹn ní kí n máa gbin irú kan fún òun. Mo ní kó má bínú, kì í ṣe inú ọgbà tí èèyàn ń mí sí ni wọ́n ń gbin irú ẹ̀. Àtìgbà yẹn ni kò ti kí mi mọ́."

Nígbà tí wọ́n dé ojú fèrèsé yàrá, níbi tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti máa ń gba ilé lójú, ìyàwó wúkọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni.

"Ó ti pẹ́ tó o ti ń wú u?"

"Eruku ilé kíkọ́ ni, Ẹ̀gbọ́n."

Olódòdó kọjú sí i. Ó ń wò ó bó ṣe máa ń wo igi tí kòkòrò ti wọ̀ nínú, tí ewé rẹ̀ ṣì ń dán. Aláago ò rí ìyẹn. Ilẹ̀ ni òun ń wò, ó ń wò ó bóyá ẹ̀gbọ́n òun ń fi ojú wọn ilẹ̀ náà.

"Igi tó máa wà níbí, ọ̀fẹ́ ni," Olódòdó wí. "Èmi fúnra mi ni màá gbìn ín. Kẹ́nikẹ́ni má ṣe bá mi dé ibẹ̀."

*

Ọ̀sán gangan ló gbìn ín. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ẹ̀ka rẹ̀ ń wọ́lẹ̀ bí irun tí wọn ò dì. Aláago wà nídìí iṣẹ́, ó ki awò kékeré bọ ojú kan, ó ń wá ìdí tí aago kan fi ń sáré. Ó gbójú sókè. Láti ojú fèrèsé rẹ̀, ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, tó tẹ ẹnu mọ́ ihò bí ẹni ń mumi. Ètè rẹ̀ ń mì. Ó ti ọwọ́ bọ àpò ṣẹ́ẹ̀tì, ó yọ nǹkan kan tí wọ́n fi àkísà dì ní kókó, ó fi í sísàlẹ̀, ó wa yẹ̀pẹ̀ bò ó.

Àwọn igi tó kù, ó kàn gbìn wọ́n ni. Èyí nìkan ló bá sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fi síbẹ̀?"

"Ajílẹ̀ ni."

Aláago ní ó dáa. Nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún ló ti béèrè pé: ajílẹ̀ wo ni wọ́n ń dì ní kókó?

*

Igi náà fìdí múlẹ̀. Ó dàgbà ju gbogbo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Oòrùn wà lápá kan, fèrèsé wà lápá kejì, àmọ́ igi kẹ̀yìn sóòrùn, ó ń tẹ̀ bọ̀ wá síbi fèrèsé, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nínú yàrá. Ẹyẹ ò bà lé e. Afẹ́fẹ́ á dúró jẹ́ẹ́, ewé á sì jábọ́ sórí pèpéle fèrèsé, gbogbo rẹ̀ a dojú bolẹ̀. Aláago ṣí ọ̀kan wò. Àbàwọ́n pupa tóótòòtó wà lára rẹ̀.

Irú àbàwọ́n yẹn náà ló wà lára aṣọ ìnujú ìyàwó rẹ̀. Ikọ́ ti di ikọ́. Dókítà gbọ́ àyà rẹ̀ síwá, ó gbọ́ ọ sẹ́yìn, ó ní òun ò rí nǹkan kan.

"Igi yìí fẹ́ràn mi jù yín lọ," ìyàwó máa ń ṣàwàdà lórí bẹ́ẹ̀dì. "Ẹ ò sún mọ́ mi tó báyìí mọ́."

Ọkọ rẹ̀ ò lè rẹ́rìn-ín. Ẹni tó fẹ́ràn jù láyé ló ń ṣá lójú rẹ̀ yìí.

Ọjọ́ kan ni Màmá Elégbòogi gbé aago wá fún un tún ṣe. Aláago tú u, ó wò ó, kò rí ohun tó ṣe é.

"Màmá, kò sí nǹkan tó ṣe aago yín."

"Ẹn-ẹ́n? Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó gbà á, kò sì lọ. Ojú fèrèsé ló ń wò. "Igi tó ń yọjú wo ìyàwó ẹ nínú yàrá yẹn, ọmọ mi, ta ló gbìn ín?"

*

Ìrọ̀lẹ́ ló lọ bá a, ó gba ẹ̀yìn ilé oníkẹ̀kẹ́ wọlé bí olè. Yàrá náà kún fún ìgò. Aago ńlá kan wà lára ògiri, kò ṣiṣẹ́. Ọwọ́ Aláago ń yún un.

"Má wò ó bẹ́ẹ̀," ìyá náà wí. "Kò bàjẹ́. Èmi ni mo dá a dúró. Ta lo ní ó gbin igi?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni, mà."

"Ìyá kan?"

"Bàbá kan ni, mà."

"Ẹn-ẹ́n."

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìró kan ṣoṣo yẹn ti tó láti ba gbogbo ìgbà èwe wọn jẹ́. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ jí lójú oorun, ó jókòó.

"Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè rí i ṣe," ìyá náà wí. Ó gbé igi ẹlẹ́gùn-ún kékeré kan jáde pẹ̀lú ìgò dúdú tí wọ́n ti dí lẹ́nu. "Ìdí ògiri tó pààlà yín ni kó o gbìn ín sí. Ri ìgò mọ́ ìdí ẹ̀, kọjú ẹnu ẹ̀ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ. Ohun tó bá tibẹ̀ wá, ibẹ̀ ló máa padà sí. Tó bá wá bẹ̀ ọ́ pé kó o hú u, o ti mọ ẹni tó ń ṣe ọ́ nìyẹn."

Aláago ṣe é. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé torí ewúrẹ́ ni.

Àgbà bọ̀, wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Òótọ́ ni. Àmọ́ oògùn téèyàn bá mu kọjá ìwọ̀n, májèlé ni.

*

Ihò kan wà lára ògiri níbi tí sìmẹ́ńtì ti bọ́. Ibẹ̀ ni Aláago ń gbà yọjú wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láràárọ̀.

Àwọn igi inú ọ̀rá tó wà nítòsí ògiri ló kọ́kọ́ rọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bomi rin wọ́n, ó gbé wọn sí ìbòòji, wọ́n kú síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àlùmọ́gàjí ń falẹ̀. Ṣẹ́... kí. Ṣẹ́... kí. Olódòdó á gé ẹ̀ka kan, á fara ti ògiri, á mí hẹlẹ. Ọjọ́ kan, ó wúkọ́, ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó fi nu ṣòkòtò. Inú Aláago dùn. Ojú sì tì í pé inú òun dùn. Ó ti ẹ̀yìn ilé wọlé.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni ẹ̀gbọ́n kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

"Àbúrò, ta ló bá ọ yan ẹlẹ́gùn-ún ìdí ògiri yẹn?"

"Ewúrẹ́ ló ń yọ wá lẹ́nu, Ẹ̀gbọ́n."

"Ewúrẹ́ wo? Ta ló ń sin ewúrẹ́ ládùúgbò yìí?" Ó dúró, ó ń wá èémí. "Jọ̀ọ́, hú u."

Aláago rántí ohun tí Màmá Elégbòogi wí. Ó wá bẹ̀ mí, ló ń wí nínú. Ó wá.

"Mo ti gbọ́, Ẹ̀gbọ́n."

"Ìyàwó wa ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Má gé igi ojú fèrèsé o. Ohun yòówù kí wọ́n sọ fún ọ, má gé e. Ó ku díẹ̀."

"Kí ló ku díẹ̀ kó ṣẹlẹ̀?"

Olódòdó la ẹnu. Ikọ́ ló jáde. Ó gbọn ọwọ́, ó yí padà, ó ń fi ọwọ́ wá ògiri lọ bí afọ́jú.

*

"Ó wá bẹ̀ ọ́, àbí kò wá?" Màmá Elégbòogi ò tilẹ̀ ní kó jókòó. "Ó ní ó ku díẹ̀? Ìwọ náà gbọ́ bó ṣe ń ka ọjọ́ tó kù fún ìyàwó ẹ. Gé e. Ọ̀sán gangan tó gbìn ín ni kó o gé e, nígbà tí òjìji igi bá wọ abẹ́ igi. Ohun tó o bá bá nídìí ẹ̀, má tú u. Omi tó ń ṣàn ni kó o jù ú sí."

Ọjọ́ kejì, ìyàwó sùn lọ. Aláago gbé àáké.

Ó sọ ọ́ sí igi. Láti òdìkejì ògiri, àlùmọ́gàjí dún: ṣẹ́kí. Ó tún sọ ọ́. Ṣẹ́kí. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni wọ́n ń dá a lóhùn, bí ẹni pé àwọn méjèèjì jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ó fẹ́ dúró. Ó gbọ́ ikọ́ ìyàwó rẹ̀ nínú yàrá, ó sì fi gbogbo agbára rẹ̀ sọ àáké.

Igi wó. Irin bọ́ lu òkúta lẹ́yìn ògiri. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ké: "Bàbá mi! Ẹ gbà mí o, Bàbá mi ṣubú!"

Aláago kúnlẹ̀, ó gbẹ́lẹ̀ bí ajá. Ó bá kókó àkísà náà, gbòǹgbò ti wé mọ́ ọn.

*

Apá kan ara Olódòdó kú, ẹnu rẹ̀ wọ́. Ọ̀rọ̀ ò jáde níbẹ̀ mọ́. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyàwó Aláago jí, ó béèrè oúnjẹ, ó fa èémí títí dé ìsàlẹ̀ ikùn. Kò wúkọ́ mọ́ títí dòní.

"Ó ti padà sọ́dọ̀ olówó ẹ̀," Màmá Elégbòogi wí. Ó ń rẹ́rìn-ín. Aláago dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ ẹ̀rín náà ò tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ó lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ojú kan ṣoṣo ni Olódòdó fi wò ó, omi sì ń jáde lójú náà. Ṣé omijé ẹni tí àṣírí rẹ̀ tú ni? Ṣé omijé ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ni? Ta ló máa bi? Ẹni tó mọ̀ ọ́n ò lè sọ ọ́.

Kò pẹ́ tó fi kó ìyàwó rẹ̀ tọ ọmọ wọn lọ sílùú òkèèrè. Ó sọ fún un pé gbòǹgbò igi yẹn fẹ́ ba ìpìlẹ̀ jẹ́ lòun fi gé e. Kò ránṣẹ́ sílé. Àkísà náà ńkọ́? Kò jù ú somi. Iṣẹ́ aago ò kọ́ èèyàn láti sọ ohun tí kò tíì tú nù. Àmọ́ ẹ̀rù ò jẹ́ kó tú u. Inú agolo tó ń kó àwọn ìdè kéékèèké ara aago sí ló fi í sí, ó sì gbé agolo dání.

*

Ní àárọ̀ tí ìtàn yìí fẹ́ parí sí, fóònù rẹ̀ dún. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ké lọ́jọ́sí ló sọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Ó ti di ìyá ọmọ, ohùn rẹ̀ ti kẹ̀.

"Bàbá mi kékeré, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ má bínú pé mò ń da yín láàmú. Kùkùté igi yín ti hù. Ó ti ga kọjá ògiri, ó wá ń tẹ̀ sójú fèrèsé Bàbá. Àtìgbà tó sì ti ń tẹ̀ ni Bàbá ti ń wúkọ́, irú ti Màmá wa nígbà yẹn. Màmá Elégbòogi ti di ẹni tí wọ́n ń gbé, síbẹ̀ ó ránṣẹ́ pé ká gé e lọ́sàn-án gangan òní. Àwọn tó máa gé e ti ń bọ̀. Àmọ́ ilẹ̀ yín ni, ẹ̀yin lẹ ni igi. Kí ni ká ṣe?"

Lẹ́yìn ohùn rẹ̀, nǹkan ń dún. Ó rọra ń dún, bí ẹni tó ní ọwọ́ kan ṣoṣo. Ṣẹ́kí. Ṣẹ́kí.

Aláago gbọ́ ọ, ó tún un gbọ́. Kò mọ̀ pé ìyàwó òun ti wọlé, tó ń wá abẹ́rẹ́.

"Báwo ni bọ́tìnì Ẹ̀gbọ́n ṣe dé inú agolo yín?"

Ó bojú wẹ̀yìn. Ó ti ṣí agolo, ó ti tú kókó náà. Bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì ló wà láàárín àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, tòun ti káàkì díẹ̀ tí wọ́n gé mọ́ ọn, àti ìdì irun funfun.

"Ta ló sọ fún ọ pé tiwọn ni?"

"Èmi ni mo gán an fún wọn. Mi ò rí òwú káàkì, mo fi òwú àwọ̀ ewé gán an, wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo ti gbin igi sí àwọn láyà. Òwú náà rèé."

Aláago gbé irun náà sójú ìmọ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ pa èèyàn, nǹkan ẹni tó fẹ́ pa ni yóò wá. Ta ló ń fi irun orí ara rẹ̀ sínú ihò?

"Lọ́jọ́ tí wọ́n gbin igi yẹn," ló wí, "wọ́n fi ẹnu kanlẹ̀, wọ́n ń sọ nǹkan."

"Mo gbọ́. Fèrèsé mi ṣí sílẹ̀. Wọ́n ní, 'Èmi ni kó o mọ̀. Má mọ ẹni tó wà nínú yàrá yìí.' Mo rò pé bí wọ́n ṣe máa ń bá igi wọn ṣeré ni."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ṣé ẹ bi mí ni?"

Ó jókòó. Ó rántí aago tí kò bàjẹ́, tí wọ́n gbé wá fún un tún ṣe. Ó rántí ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ̀ láti gbin ẹlẹ́gùn-ún fún. Ó ku díẹ̀. Àìsàn ìyàwó rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n fi igi náà ń fà sára ara rẹ̀, ó ku díẹ̀ kó tán, òun ló sì fi àáké gé ọ̀nà tó ń gbà lọ.

Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ìfura tún gbórí sókè nínú rẹ̀, ó gbọ́n bí ìgbà àtijọ́. Ó ní: ikọ́ ṣáà lọ lọ́jọ́ tó o gé e. Ó ní: irun funfun, ta ni kò ní? Aláago fetí sí i tán. Ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Oòrùn ti ń gòkè.

Ó ki awò kékeré rẹ̀ bọ ojú, ó fi ìka kan ṣoṣo tẹ ọ̀rọ̀ náà, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń to eyín aago. Ìyàwó rẹ̀ kà á láti èjìká rẹ̀. Ó fi ọwọ́ lé e léjìká, kò sì gbé e kúrò. Aláago fi í ránṣẹ́:

"Má jẹ́ kí wọ́n gé e. Hú ẹlẹ́gùn-ún ìdí ògiri, fọ́ ìgò tó o bá bá níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, kúnlẹ̀ nídìí igi, fi ẹnu kan ilẹ̀, pe orúkọ mi sí i. Sọ fún un pé èmi ni kó mọ̀. Kó má mọ ẹni tó wà nínú yàrá yẹn."